Ọkọ̀ Ìbejì Kápítéènì àti Fìríìjì Inú Rẹ̀

Kó tó di pé àwọn ará èbúté ń pè é ní Kápítéènì, iṣẹ́ fìríìjì ni ọkùnrin yìí fi tọ́ ọmọ. Bí fìríìjì ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá kọ̀ tí kò tutù mọ́, òun ni wọ́n máa ń ké sí. Á kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, á fi etí lé e bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Ìwà kan ṣoṣo ni ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń torí rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́: kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀. Bó bá ti ki ọwọ́ bọ nǹkan, ilẹ̀ ìbáà ṣú, òjò ìbáà rọ̀, àfi kó parí rẹ̀. Ìgbà kan wà tó ṣi ọ̀nà, tó kọ̀ láti yí mọ́tò padà, tó ní kò sí ọ̀nà tí kì í já síbì kan. Ó já síbì kan lóòótọ́. Inú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, dípò kó jókòó ti rédíò bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lọ ra ọkọ̀ ojú omi. Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan ni, irú èyí tó ní ikùn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí pèpéle sì so wọ́n pọ̀ lókè. Ọkọ̀ ìbejì ni wọ́n ń pè é ní èbúté. Ibùsùn wà nínú ikùn kan, ilé ìdáná wà nínú èkejì, tábìlì kan sì wà láàárín tí ènìyàn mẹ́rin lè jókòó sí bí wọn ò bá kọ̀ kí orúnkún wọn máa kanra.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà nílé ọkọ ní erékùṣù kan lódìkejì agbami, ó sì ti bí ọmọ tí àwọn méjèèjì kò tíì gbé mọ́ra. Ọkọ̀ èrò ńlá ń ná ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n Kápítéènì fẹ́ fi ìgbòkun tirẹ̀ wọ èbúté ọmọ rẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ sì jókòó ti òun. Ibẹ̀ gan-an ló ti le. Ìyàwó ní kó máa lọ, òun á wọ ọkọ̀ èrò, àwọn á sì pàdé níbẹ̀, bí òkun bá yọ̀ǹda rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, wọn ò rìnrìn àjò tó jìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí. Oorun Kápítéènì dín kù.

Ó wá mú ìyàwó lọ bá àgbà káfíńtà kan tó ń kan ọkọ̀ létí omi, pẹ̀lú ìrètí pé àgbà náà á bá òun yin ọkọ̀. Àgbà náà ń fá àjẹ̀ lọ́wọ́, kò sì kánjú. Ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dára: kì í dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkọ̀ oníkùn kan, kò sì nílò omi jíjìn kó tó lè gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré nínú wọn kì í lè ru ẹrù. Bí ẹrù bá ti pọ̀, ìgbì á máa gbá a lábẹ́ pèpéle, kò sì ní lè gun orí omi mọ́. Bí ìjì bá sì wá dojú rẹ̀ dé, kò ní dìde fúnra rẹ̀. Á na ẹ̀yìn sílẹ̀ bí aáyán ni.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé ó lè lọ sójú agbami àbí kò lè lọ?” ni ìyàwó bi í.

“Ọkọ̀ lè lọ, ìyá, bí kò bá ṣáà ti jẹun yó, tí wọ́n sì wo ojú ọjọ́ kí wọ́n tó jáde. Ẹni tó máa wà á ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún.”

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí pákó. Lẹ́yìn náà ló dá àbá tirẹ̀. Ó ní kí ọkọ òun gbé òun kọjá ògiri òkúta tó ń dá ìgbì dúró lẹ́nu èbúté, dé ibi àmì pupa tó léfòó lójú òkun, kó sì gbé òun padà. Ìgbà náà ni òun á mọ ọkọ̀ tí òun máa wọ̀.

Kápítéènì bẹ̀rẹ̀ sí í múra ọkọ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti dà á láàmú. Ẹni tó ti ń tún fìríìjì ṣe láti ìgbà èwe, ṣé lójú rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ á ti máa mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lójú agbami? Ó gbé fìríìjì kan sínú ikùn ọ̀tún. Kì í ṣe kékeré. Èyí tó ga dé àyà ènìyàn ni. Fìríìjì ò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná, ó bá to bátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó ní ìyẹn ò le. Ó gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àtijọ́ tó yọ lára fìríìjì, àpótí irinṣẹ́ àti àgbá omi sínú ikùn òsì, títí ọkọ̀ fi dọ́gba. Ìlà funfun tí wọ́n kùn sára ọkọ̀ láti fi hàn ibi tó yẹ kí omi mọ ti wọmi pátápátá, ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ó wọmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ọkàn Kápítéènì balẹ̀. Àgbà káfíńtà kọjá, ó sì béèrè bóyá ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ ṣí sórí omi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọkọ̀ rọra ń yọ́ lọ nínú èbúté. Kápítéènì ní kí ìyàwó òun gbé ife tíì rẹ̀ sórí tábìlì. Ife náà kò mì rárá. Ọkùnrin náà wá ń wo ojú ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó gba ipò kìíní.

“Ẹ ṣeun, Dádì,” ni ìyàwó wí. “Ṣùgbọ́n inú ilé la ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká dé títì.”

Wọ́n dé títì. Bí wọ́n ṣe yọ imú kọjá ògiri òkúta, ìgbì àkọ́kọ́ gbá abẹ́ pèpéle gbàgà, bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń kan ilẹ̀kùn. Ife fò, tíì sì dà sí ìyàwó lára. Ìgbì kejì dé. Dípò kí ọkọ̀ gùn ún, ńṣe ló torí bọ̀ ọ́ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ mumi. Nínú ikùn ọ̀tún, ilẹ̀kùn fìríìjì ń ṣí, ó ń tì, ó tún ń ṣí. Ìyàwó di òpó mú. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Àmì pupa ti wà lọ́ọ̀ọ́kán. Kápítéènì mọ̀ pé bí òun bá fagídí, òun lè dé ibẹ̀. Ó sì mọ̀ pé bí òun ò bá dé ibẹ̀, ọkọ̀ èrò ni ìyàwó òun máa wọ̀. Ìgbì mìíràn gbá wọn. Ó gbọ́ bí ara ọkọ̀ ṣe ń han, ohun tó ń ṣe é sì yé e: ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ó dín ìgbòkun kù, ó dúró de àlàfo láàárín ìgbì méjì, ó sì dorí ọkọ̀ kọ ilé.

Àgbà káfíńtà ló bá wọn mú okùn nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀. “Kápítéènì, àmì pupa ọ̀hún ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀ ni?”

“Ó wà níbẹ̀, bàbá. Èmi ni mi ò débẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n délé, Kápítéènì gbé àpò ìrìn àjò ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbọn eruku ara rẹ̀. Ó ní òun á lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ èrò, òun á sì bá a wọ̀ ọ́, bí kò bá kọ̀ òun. Ìyàwó ń fọ àbàwọ́n tíì kúrò lára aṣọ rẹ̀. Kò gbójú sókè.

“Ta ló sọ fún yín pé ọkọ̀ èrò ni mo fẹ́ wọ̀?”

“Mi ò gbé ẹ dé ibi tá a jọ fẹnu kò sí.”

“Dádì, kí ni mo fẹ́ fi àmì pupa ṣe? Ẹ̀yin ni mo lọ wò. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi, mi ò rí i kí ẹ ṣẹ́rí padà níbì kankan rí. Ọkọ̀ tí ọlọ́kọ̀ ò lè yí padà ló ń bà mí lẹ́rù.” Ó fún aṣọ náà, ó sì sá a. “Ẹ ti yí i padà báyìí. A jọ ń lọ. Ṣùgbọ́n fìríìjì yẹn ò bá wa débì kankan.”

“Kékeré ńkọ́?”

“Dádì.”

“Ó ti tán.”

Kápítéènì àti àgbà káfíńtà ni wọ́n jọ gbé fìríìjì sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú bátìrì àti gbogbo ohun tí wọ́n kó wá láti fi bá a dọ́gba. Ìlà funfun yọ jáde kúrò nínú omi. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọmọ wọn fi pè sórí fóònù, tó ń béèrè ọjọ́ tí òun máa retí wọn. Ẹni tó mọ Kápítéènì mọ̀ pé bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀, á ti dá ọjọ́, á dá wákàtí mọ́ ọn. Ó wo òkun tó ń fọ́ funfun lẹ́yìn ògiri òkúta, ó ní òun ò tíì mọ̀. Ọjọ́ tí òkun bá gbà ni.

Ọmọ ní kó jọ̀wọ́ gbé fóònù fún màmá òun, torí òun fẹ́ mọ̀ bóyá ara bàbá òun yá.