Ta Ló Ń Pe Bàbá Kọ́tìn Ní Adéníran?

"Mo gbọ́! Mo gbọ́ dáadáa! Mi ò kàn dáhùn ni!"

"Ẹ gbọ́, ẹ wá ṣì gé e? Ẹ gbọ́ pé kí ẹ dúró, ẹ wá bẹ́ gbogbo díákónì ìjọ lórí?"

Àlàájà Serifat ló ń pariwo yẹn. Àwọn ló ni ilé ìtẹ̀wé tí mo gbé tábìlì mi sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ní Ṣómólú, níbi tí mo ti ń tún fóònù ṣe. Wọ́n na kàlẹ́ńdà ìjọ Onítẹ̀bọmi kan sókè kí gbogbo wa lè rí i. Àwòrán àwọn díákónì ló yẹ kó wà lókè ẹ̀. Kóòtù wà, táì wà, orí ò sí.

Oníbàárà ló pè pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ sí i lókè kí wọ́n tó gé e. Àlàájà sáré dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ké "Bàbá Kọ́tìn, ẹ dúró!" títí ohùn wọn fi há. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Níní tó ń ṣerun ní ṣọ́ọ̀bù kejì gbọ́. Bàbá Kọ́tìn tó wà nídìí máṣìnì nìkan ni ò gbọ́. Ọ̀bẹ sọ̀ kalẹ̀, ó parí.

"Ẹ wò ó, mi ò bá yín jà," Àlàájà rẹ ohùn sílẹ̀, ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà mí. "Tó bá di Mọ́ńdè, Godspower tó ń bá wa ká ìwé ló máa wà nídìí kọ́tìn. Ẹ̀yin ẹ máa jókòó síwájú níbí, kí ẹ máa kí oníbàárà káàbọ̀."

"Kí n máa kí ta ni káàbọ̀? Èmi?"

"Ẹ̀yin ni."

"Àlàájà, ẹ kúkú ra fìlà máígáàdì fún mi kó pé!"

"Bàbá Kọ́tìn, mi ò lè máa tẹ kàlẹ́ńdà lẹ́ẹ̀mejì!"

Bàbá ò dáhùn. Mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, ilé wọn wà ní Abúlé Òkúta. Kọ́tìn la máa ń pe máṣìnì tí wọ́n fi ń gé pépà, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ. Àtìgbà tí Alhaji Àlímì, ọkọ Àlàájà tó ti dolóògbé, ti ra máṣìnì yẹn ní tòkunbọ̀ ni Bàbá ti wà nídìí ẹ̀, àwọn gan-an ló kọ́ Alhaji níṣẹ́. Wọ́n á to pépà, wọ́n á gbá a légbẹ̀ẹ́ kó dọ́gba, wọ́n á wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí ẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹ máṣìnì. Tí wọ́n bá gé e tán, fi ìka gba etí ẹ̀ kọjá, ó máa ń dán bíi táìlì.

Àmọ́ yàrá kan náà ni kọ́tìn wà pẹ̀lú àwọn máṣìnì ìtẹ̀wé tó ń ké gbàù-gbàù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ariwo yẹn ti jẹ etí Bàbá díẹ̀díẹ̀, ó ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Bàbá ò gbà. Tóo bá kí wọn tí wọn ò dáhùn, wọ́n ń ronú ni. Tóo bá kí wọn lẹ́ẹ̀kejì, ó di ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ sínú. Ìtùnú ọmọ wọn, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn, ní kí àwọn jọ lọ rí dókítà. Wọ́n fi ìbínú lé e padà. Ìtùnú ò jiyàn, ó ra fóònù ńlá kan ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n máa ka ohun tóun bá kọ, kí àwọn méjèèjì sinmi ariwo.

Lọ́jọ́ kàlẹ́ńdà yẹn, nígbà tí wọ́n ti pa máṣìnì, Bàbá wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Wọ́n mú ṣájà kan, wọ́n ń yí i lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Bọ́dúndé, tí wọ́n bá gbé mi kúrò nídìí nǹkan yẹn, kí ni kí n máa jí ṣe láàárọ̀?"

Mo lẹ́nu o, gbogbo Ṣómólú dé Bàríga ló mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn bá wọn ká wáyà ṣájà yẹn ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni update tuntun bọ́ sórí fóònù. Ọmọ! Gbogbo àdúgbò gbé fóònù wá bá mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é. Níní ní kí n bá òun yọ ọ́ kíákíá, ojú fóònù òun ti dà bíi gíláàsì tí wọn ò nù, òun ò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́. Mo ní kò ṣeé yọ. Ó ní ṣé mo lọ́wọ́ sí i ni. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ní Palmgrove ní fóònù òun ti ń bi àwọn tó bá pe òun pé ta ni wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́, ẹ̀gbọ́n òun ti wá bínú pé ìgbà wo lòun gba akọ̀wé. Godspower ní bátìrì òun kì í dé ọ̀sán mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúpẹ́, bọ̀dá kan tó ń ta ẹja n'Ìlàjẹ, lẹ́tà fóònù ẹ̀ ti tóbi, ó ti ń kà á láìwo awò. Ó fún mi lẹ́ja sáwá. Mo gbà á, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ibi tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa dín gíláàsì Níní kù ni mo ti já lu nǹkan yẹn. Tóo bá ti sọ orúkọ ẹ fún fóònù, á máa tẹ́tí sílẹ̀ fún ẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pè ẹ́, tọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ẹ̀ á máa ṣẹ́jú wàì-wàì kóo lè mọ̀. Mo pariwo níbi tí mo jókòó sí. Níní rò pé iná ló gbé mi.

Mo tọ Bàbá lọ. Mi ò dárúkọ etí o, ẹni tó bá fẹ́ gba ìgbájú ni kó dárúkọ etí.

"Bàbá, nǹkan tuntun kan ti wọ fóònù yín. Àwọn ọ̀gá tí iṣẹ́ máa ń wọ̀ lára, tí wọn ò ráàyè ariwo ẹnikẹ́ni, àwọn ni wọ́n ṣe é fún. Fóònù á máa bá yín gbọ́ ọ, á máa jẹ́ fún yín."

"Bí ọmọ iṣẹ́?"

"Bí ọmọ iṣẹ́ gan-an."

Ìyẹn dùn mọ́ wọn. Mo ní fóònù fẹ́ gbọ́ orúkọ lẹ́nu wọn. Bàbá tún kọ́là ẹ̀wù ṣe, wọ́n wúkọ́, wọ́n dojú kọ fóònù bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. "Adéníran. Adéníran Ògúnmọ́lá." Fóònù ní kí wọ́n tún un pè. Wọ́n tún un pè. Ó wọlé.

Mo lọ bá Àlàájà, mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Wọ́n ní àwọn ò gba fóònù gbọ́, àmọ́ kò sí ohun tó burú nínú kí àwọn dán an wò lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá ṣiṣẹ́, Bàbá ò ní kúrò níbi kankan.

Sátidé dé. Mo gbé fóònù ti ara ògiri níwájú kọ́tìn, mo kọ tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ sí Bàbá lójú. Máṣìnì ń ké. Bàbá ń gé pépà, wọ́n ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Àlàájà dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn wọn.

"Bàbá Kọ́tìn!"

Tọ́ọ̀ṣì ò ṣẹ́jú.

"Bàbá Kọ́tìn o! Bàbá Ìtùnú!"

Rárá. Níní sáré wọlé pẹ̀lú ìpara lọ́wọ́, ó ké "Alàgbà!" Godspower ké "Ọ̀gá mi!" Fóònù dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá ń kọrin wọn lọ.

Àlàájà yíjú sí mi. "Bọ́dúndé, gbé pálapàla ẹ kúrò níwájú mi."

Mo mú fóònù, mo pa á, mo tàn án, gbogbo ẹ̀ pé, ó ń gbọ́, kò kàn fẹ́ dáhùn. Níní wá bi mí pé, "Kí lo ní orúkọ wọn ń jẹ́ nínú ẹ̀?"

"Orúkọ wọn ni. Adéníran."

Níní rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ta ló ń pe Bàbá Kọ́tìn ní Adéníran? Ní gbogbo Ṣómólú yìí, dárúkọ ẹnì kan péré!"

Àṣé òótọ́ ni! Bàbá Ìtùnú nílé. Alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Kọ́tìn ládùúgbò. Adéníran wà nínú ìwé báńkì, ó wà lára káàdì ìdìbò, kò sí lẹ́nu ẹ̀dá kankan.

"Àlàájà, ẹ pe Adéníran ká wò ó."

"Kí èmi pe ẹni tó kọ́ ọkọ mi níṣẹ́ lórúkọ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n rí i."

Níní ti ń fẹ̀yìn rìn jáde. Godspower ń wo àjà. Ó wá kù èmi nìkan. Mo di ojú mi méjèèjì, mo ké e:

"ADÉNÍRAN!"

Wàì-wàì-wàì! Iná bo gbogbo ojú Bàbá. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìnì, wọ́n yíjú padà díẹ̀díẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Godspower pa àwọn máṣìnì, gbogbo wọn wá nawọ́ sí mi. Àwọn ọ̀dàlẹ̀. Mo ti wà lẹ́yìn Níní, mo ti dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, fóònù ni, kì í ṣe èmi!"

Bàbá wo iná tó ń ṣẹ́jú, wọ́n wò mí nílẹ̀, ejìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. "Ọmọ yìí, o láyà o! Àtìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹnì kan ò pè mí báyẹn mọ́."

Mo dìde, mo ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, kí wọ́n wá pe Bàbá Kọ́tìn sínú fóònù. Wọ́n ní àwọn ò pè é.

"Kí n máa pe ara mi ní Bàbá? Orí mi ò tíì dàrú. Ẹni tó ń pè mí ni kó wá pè mí."

Gbogbo wa wo Àlàájà. Látọjọ́ kàlẹ́ńdà, wọn ò tíì bá Bàbá sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ. Wọ́n gba fóònù, wọ́n tún ìbòrí ṣe, wọ́n sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Bàbá Kọ́tìn."

"Àlàájà, ẹ kì í pè wọ́n báyẹn," mo ní. "Ẹ pè wọ́n bó ṣe máa ń rí tí oníbàárà bá wà lọ́rùn yín."

"BÀBÁ KỌ́TÌN O!"

"Ẹ̀n, Ìyá Hameedat," Bàbá fi orúkọ ọmọ wọn dáhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Àlàájà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìbòrí bo ẹnu. Fóònù ní ó wọlé.

Wọ́n sún ìdánwò sí Mọ́ńdè. Godspower ní kò lè ṣiṣẹ́ láé, bó ṣe ṣiṣẹ́ fún Adéníran, ohùn mi tó dà bíi ti olè ló fà á. Mo ní kó jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́ ẹ̀. Tí ò bá ṣiṣẹ́, mo máa bá a gbá gbogbo ilẹ̀ ilé ìtẹ̀wé fún oṣù kan. Tó bá ṣiṣẹ́, á dúró níwájú Àlàájà, á pè wọ́n ní Serifat. Kò sí Àlàájà níwájú ẹ̀, kò sí mà lẹ́yìn ẹ̀. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Níní ṣe ẹlẹ́rìí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èèpo ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan ló wà lórí kọ́tìn, fóònù sì ti wà lára ògiri níwájú ẹ̀. Ẹnì kankan ò tíì sọ pé ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀. Àlàájà kàn ń kọjá lọ, wọ́n rí i pé àwọn èèpo tó wà lókè ti yí kúrò lẹ́yìn, níbi tí ojú Bàbá ò dé, ẹsẹ̀ Bàbá sì ti ń lọ sílẹ̀.

"Bàbá Kọ́tìn!"

Máṣìnì ń ké. Wàì-wàì-wàì. Ẹsẹ̀ Bàbá dúró sójú afẹ́fẹ́. Wọ́n wo ẹ̀yìn pépà, wọ́n fà á jáde, wọ́n tún un tò, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí ẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gé e. Ó dán.

"Ẹ ṣé o, Ìyá Hameedat."

Àlàájà jókòó sórí páálí pépà. "Alhamdulilahi," wọ́n ní, wọ́n mí kanlẹ̀. "Godspower, padà sídìí ìwé tóò ń ká. Bàbá ò lọ síbì kankan."

Godspower gan-an mí ju Àlàájà lọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ẹ̀ pé òun ò sùn dáadáa látọjọ́ tí wọ́n ti ní kóun wá máa jókòó sídìí ọ̀bẹ yẹn. Èmi? Mo jáde lọ sídìí tábìlì mi, mo jókòó, ara mi rọ̀ bí ẹ̀bà tí omi ẹ̀ pọ̀jù. Nígbà tó yá, Bàbá jáde wá bá mi pẹ̀lú fóònù, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ̀wé sí Ìtùnú.

"Kí n kọ kí ni?"

"Kọ pé kó wá mú mi lọ síbi tó ní ká lọ yẹn. Kò pọn dandan kóo dárúkọ ẹ̀."

Mo kọ ọ́, mi ò dárúkọ ẹ̀.

Ó wá kù Godspower. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, ó ní Àlàájà ń kírun. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó ní wọ́n ń bínú. Lánàá, Níní tì í dé iwájú wọn, gbogbo wa dúró, ó la ẹnu, Àlàájà gbójú sókè pé, "Kí ló dé?"

"Mà, ẹ ò ní mu omi?"

Ó lọ ra omi, wọ́n mu ún. Mo ní ìyẹn ò kà. Níní ní kò kà. Godspower náà gbà pé kò kà, ó kàn ní ká ṣe sùúrù fún òun. Ó ṣì jẹ mí ní Serifat kan.