Aṣọ Tó Tóbi Jù Mí Lọ

Ọdún tí mo pé mẹ́rìnlá ni ìyá mi rán aṣọ mẹ́ta fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì tóbi jù mí lọ. Ìyá mi tó ń ta ọṣẹ àti àǹkárá ní ọjà Túdù ní Gánà, tí kì í rán ju aṣọ ọdún lọ fún mi! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní Kotobábì tí à ń gbé, bí wọ́n bá fẹ́ dá ọmọ padà sí Nàìjíríà, aṣọ tó tóbi ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán fún un, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò tún fojú kan ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú ọmọbìnrin ilé kejì lọ sí Ọ̀fà. Òun nìkan lọ̀rẹ́ tí mo ní. Nílé ìwé, Alátà, orúkọ tí àwọn ará Gánà ń pe Yorùbá, ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá sì dé ìsọ̀ ìyá mi, àwọn obìnrin ibẹ̀ á ní, "Ọmọ Gánà dé o," wọn á máa fi mí rẹ́rìn-ín, torí èdè Twi ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Mo ń gbọ́ gbogbo Yorùbá wọn. N kò kàn fẹ́ kí wọ́n fi èyí tí mo bá ṣì sọ ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyá mi. Bí mo bá wọlé, òun àti ẹ̀gbọ́n olóògbé bàbá mi, obìnrin kan tó ń gbé ní Tẹmà, ní Gánà kan náà, á dákẹ́ lójijì. Ẹran inú ọbẹ̀ mi ń tóbi sí i. Obìnrin tó jẹ́ pé igbe ló fi ń jí mi tẹ́lẹ̀ wá ń fi oríkì jí mi! Inú bí mi. Ṣé àgbò Iléyá ni mí ni?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó ní kí n wọ ọ̀kan nínú aṣọ náà wò. Mo jù ú sílẹ̀. Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi.

"Mi ò lọ Nàìjíríà o! Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀!"

Ìyá mi ní, "Ta ló ní kó o lọ? Èmi ni mò ń lọ. Ìyá mi ò lè dìde mọ́, èmi nìkan ló sì bí. Tẹmà lo máa wà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ, kó o lè parí ìwé ẹ."

"Ìgbà wo lẹ máa dé?"

Ó mú aṣọ náà nílẹ̀, ó ń ká a. Ẹ̀rù tó bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo di ìró rẹ̀ mú.

"Màámi, ẹ mú mi dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sí Nàìjíríà."