Ọ̀kan Nínú Mẹ́rin

“Bàbá, a ti san tiwa,” ni Odile wí, ó sì gbé ife wáìnì rẹ̀ sókè. “Ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ni dókítà ní àìsàn yẹn máa mú. Bastien ọmọ wa ti kó ọ̀kan yẹn lọ. Mẹ́ta tá a bá tún bí, aláàfíà ni gbogbo wọn máa jẹ́. Èmi àti Régis ti pinnu, a máa bímọ míì.”

Huguette, ìyá rẹ̀, bú sẹ́kún ayọ̀. Régis ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Anselme, bàbá Odile, nìkan ni ò gbé ife tiẹ̀ sókè níbi oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn.

Ní ìlú Lyon, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1972, kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ni Anselme Rochas ń sìn nínú abọ́ pẹlẹbẹ. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ní àkọsílẹ̀ nínú ara, tó ń dà á kọ sára ọmọ. Nígbà míì, lẹ́tà kan á ṣì kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Á tẹ aṣọ àrán mọ́ abọ́ kan kí àwọn kòkòrò lè lẹ̀ mọ́ ọn, á fi àrán náà tẹ òmíràn bí ẹni ń lu òǹtẹ̀, á wá da oògùn sí ìkejì. Ìwọ̀nba tó bá yè ti ní ohun tó gbà á là kí oògùn tó dé, torí irú rẹ̀ tó kù nínú abọ́ àkọ́kọ́ náà ní in. Kò sẹ́ni tó fún un torí pé ó nílò rẹ̀, èèṣì ni. Ibẹ̀ ni Anselme ti rí ọ̀rọ̀ sọ: àwa ènìyàn náà, àṣìkọ lórí àṣìkọ ni wá, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wá sáyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ò ná an ní nǹkan kan.

Ibi ìsìnkú Bastien ló ti ná an. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, àìsàn àjogúnbá tó ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dì mọ́ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á. Bí wọ́n bá fẹnu kò ó níwájú orí, iyọ̀ ni wọ́n ń tọ́ wò. Àlùfáà ní Ọlọ́run ló yàn án. Anselme dá a lóhùn lójú gbogbo ènìyàn pé kò sẹ́ni tó yàn án, lẹ́tà ló ṣì kọ. Odile ò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún kan. Kò tíì pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí wá jẹun.

Anselme ṣírò rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, Odile lè tún bá a yodì. Bó bá dákẹ́, wọ́n lè tún kan pósí kékeré. Ó tẹ̀ lé Odile lọ sí ilé ìdáná, níbi tó ti ń gé wàràkàṣì.

“Odile, kò sẹ́ni tó ń ka iye tẹ́ ẹ ti san.”

“Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.”

“Gbọ́ mi ná. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀kan nínú mẹ́rin tiẹ̀. Èèṣì ò rántí Bastien. Èyí tẹ́ ẹ bá bí, bákan náà. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, bákan náà.”

Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀. “Ta ló bi yín?”

“Kò sẹ́ni tó bi mí.”

“Gbogbo ayé ló ní bàbá tó ń purọ́ díẹ̀ fọ́mọ ẹ̀. Tèmi nìkan ni ò mọ̀ ọ́n ṣe!” Omi ti lé sí i lójú. “Ibo wá ni lẹ́tà yẹn ti wá? Ẹ dáhùn o, onímọ̀.”

“Àyàfi tí ọmọ bá gba lẹ́tà tó ṣì kọ méjì ni àìsàn náà tó lè mú un. Ọ̀kan wá láti ilé Régis. Ìkejì, ara èmi tàbí ti ìyá rẹ.”

“Ká ní ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó bí mi ńkọ́?”

 

“Mi ò mọ̀,” ni Anselme wí. “Mi ò fẹ́ ayé tí o ò sí nínú ẹ̀, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìdáhùn.”

“Kì í ṣe ìdáhùn lóòótọ́.” Ó fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú, ó sì pariwo: “Régis! Máa bọ̀.”

Régis fẹ̀rín wọlé. “Kí ló dé, ẹ ti jẹ wàràkàṣì tán ni?”

“Jókòó. Bàbá, ẹ sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ẹ má dín in kù.”

Anselme sọ ọ́. Ẹ̀rín kúrò lójú Régis díẹ̀díẹ̀.

“Ìyẹn ni pé ibi tá a wà ká tó bí Bastien náà la ṣì wà?”

“Ibẹ̀ náà ni.”

Huguette ń ké láti yàrá ìjẹun pé kọfí ń tutù.  Odile fa àga sún mọ́ ọkọ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ lọ bá Màmá,” ni ó wí. “Èyí tó kù, tàwa méjèèjì ni.”