Ohùn Orvin Lójú Títì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi. Tòní kì í ṣe ti ẹranko tó ń sọ̀rọ̀. Ti ẹranko tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ó dá lórí Arlys Skogstad, opó tó ń fún wàrà màlúù ní Wisconsin, nílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní àdúgbò Arlys, olúkúlùkù olóko ló ní bó ṣe ń ké pe màlúù tirẹ̀. Màlúù ẹnìkan kì í dá ẹlòmíì lóhùn. Orvin, ọkọ Arlys, a máa dúró lẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́, a gbé ọwọ́ sẹ́nu, a ní, "Kọ́ọ̀-bọ́ọ̀sì! Kọ́ọ̀-bọ́ọ̀sì!" bí ẹni ń kọrin, agbo á sì máa rọ́ bọ̀ láti etí odò. Ọdún kejì rèé tí Orvin ti kú. Látìgbà náà, Arlys kò pe màlúù rí. Ẹsẹ̀ ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kó wọn, torí ẹnu rẹ̀ kò gba ìpè yẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìdìbò ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Arlys ń fọ agolo wàrà lọ́wọ́ ló gbọ́ ọ látojú títì: "Kọ́ọ̀-bọ́ọ̀sì!" Ohùn Orvin ni, pẹ̀lú bó ṣe máa ń ha díẹ̀ níparí. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn: "Mò ń bọ̀, Orvin." Ìgbà tí etí gbọ́ ohun tí ẹnu sọ, ara rẹ̀ di òkúta. Omi ń ṣàn lẹ́nu rọ́bà, kò rántí pa á.

Ohùn náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ní Loren Haas ni kí gbogbo olóko dìbò fún. Bẹ́ẹ̀, Orvin ti wà nínú ilẹ̀ kí Haas tó sọ pé òun fẹ́ du ipò.

Ìgbà náà ni wáyà ọgbà já. Kí Arlys tó sáré débẹ̀, agbo ti dà sójú títì, wọ́n yí ọkọ̀ kan tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí ká. Duchess, abo màlúù arúgbó tí Orvin fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí rẹ̀, ló ṣáájú. Wáyà ti ya á ní igẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán, síbẹ̀ ó na imú sí ẹ̀rọ náà, ó ń gbóòórùn rẹ̀.

Ẹni tó pa ohùn náà, tó sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni Kermit, ọmọ bíbí inú Arlys.

Kermit ń bá Haas ṣe ìpolongo. Òun ló yọ ohùn bàbá rẹ̀ nínú fídíò ọjọ́ ìbí, tó gbé e fún ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí ẹ̀rọ kọ́ ọ títí ó fi ń sọ ohun tí olóhùn kò sọ rí. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀: òfin ní kí wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ àti níparí pé ẹ̀rọ ló ṣe é, wọ́n sì ń sọ ọ́. Lóòótọ́ ni. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dúró sójú kan: ìbẹ̀rẹ̀ ti bọ́ sínú àgbàdo aládùúgbò, ìparí ì bá bọ́ sẹ́yìn òkè. Àárín nìkan ló já sílé Arlys.

"Màmá, a sọ fún wọn," ni Kermit wí.

"Ẹ sọ fún èèyàn. Ta ló sọ fún Duchess?"

Ọkọ̀ ńlá tó ń kó wàrà máa ń gba orí òkè yẹn sáré bọ̀ nírú àkókò yẹn, awakọ̀ kì í sì í rí títì títí á fi gun òkè náà tán. Arlys gbá màlúù nídìí, ó tì wọ́n, wọn ò mira. Ó lanu láti pè, ìpè kò jáde. Kermit náà pè. Wọ́n wò ó bí àlejò.

Kermit wá rọra béèrè pé, "Màmá, ṣé kí n tún gbé ohùn náà sí i?"

Arlys na ọwọ́ sí géètì. "Wà á wọ àgbàlá. Jẹ́ kó pè wọ́n."

Báyìí ni òkú ṣe da màlúù wálé. Ohùn ń pè níwájú, agbo ń tẹ̀lé, Arlys gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn Duchess. Ohun tó bà á lẹ́rù jù ni pé ìpè náà ń dùn mọ́ ọn létí. Bí wọ́n ṣe ti géètì, ọ̀rọ̀ náà dé ìparí, ohùn obìnrin kan tí kò mọ̀ rí sì yára sọ ọ́ nínú ẹ̀rọ bí ẹni ń sá fún òjò: ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe ohùn yìí.

"Pa á, Kermit," ni Arlys wí.

Kermit pa á. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó wá tún wáyà ọgbà ṣe. Ó bá màlúù ní ìdúró, gbogbo wọn kọjú sí títì, wọ́n na etí. Ó wò wọ́n, ó bu sẹ́kún, ó pe Haas lórí fóònù pé kó wá awakọ̀ mìíràn, kó sì pa ohùn bàbá òun rẹ́. Lẹ́yìn náà ló bá ìyá rẹ̀ fẹsẹ̀ da wọ́n wálé.

Ó tó. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn. Ìwọ tó o wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, pa rédíò kó o tó wọlé.