Nọ́ńbà Tó Gbà Mí Síṣẹ́

Títí dòní, inú mi ṣì máa ń dùn tí mo bá ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, háà, ó kọjá sísọ! Àwa méjì là ń du iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò kan ṣoṣo nílé ìwé kan ní Santasi, ní Kumasi lórílẹ̀-èdè Gánà. Kí n tó jáde nílé láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Àlájì, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ashanti New Town, ti là á mọ́lẹ̀ fún mi.

"Wàlíù, bí wọn ò bá gbà ẹ́ lónìí, o ń padà s'Ógbómọ̀ṣọ́ nìyẹn o. Mi ò lè máa wò ẹ́ nílẹ̀ báyìí."

Mi ò sì fẹ́ padà rárá. Kumasi ti mọ́ mi lára.

Ọ̀gá ilé ìwé náà, obìnrin Àṣàǹtí kan tí kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀, kó wa síwájú kíláàsì. Ó kọ 999,919 sójú pátákó.

"Ṣé práìmù ni àbí kì í ṣe práìmù? Ẹ má fọwọ́ kan fóònù o."

Práìmù ni nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù, àfi ẹyọ kan àti òun fúnra rẹ̀. Ẹnì kejì mi ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó fi mẹ́ta pín in, ó ṣẹ́kù. Ó fi méje pín in, mọ́kànlá, mẹ́tàlá, òógùn bò ó. Nígbà tó sú u, ó ní, "Práìmù ni."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́?"

Èmi náà ti ń pín in nínú mi, kò gbà. Ni mo bá pe nọ́ńbà náà lédè wa, bí a ṣe ń kà á nílé. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí àwa bá fẹ́ pe márùndínlógún, inú ogún la ti ń yọ márùn-ún. Mílíọ̀nù kan ó dín mọ́kànlélọ́gọ́rin. Yéè! Díẹ̀ ló kù kí n fò sókè.

"Ẹ gbọ́!" Mo kọjú sáwọn ọmọ. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni mílíọ̀nù kan. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án ni mọ́kànlélọ́gọ́rin. Tí nọ́ńbà tá a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ bá dín nínú òmíràn bẹ́ẹ̀, bíi ti èyí, ẹ yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú ẹgbẹ̀rún, ẹ tún fi mẹ́sàn-án kún ẹgbẹ̀rún, kí ẹ wá sọ méjèèjì di púpọ̀."

Mo kọ ọ́ gàdàgbà: 991 × 1009. "Kì í ṣe práìmù!"

Gbogbo wọn dorí kodò, wọ́n ń ṣe é. Ọmọbìnrin kan níwájú ló kọ́kọ́ pariwo, "Ei, Sà! Ó bọ́ sí i!" Ariwo sọ. Ẹnì kejì mi pàápàá bú sẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́: "Chale, ọ̀rẹ́ mi, o ti parí mi!"

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín o. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀ lójú pátákó, títí 999,919 fi jáde. Ó dá ṣọ́ọ̀kì padà fún mi, ó rìn lọ sẹ́yìn kíláàsì, ó fún ara rẹ̀ mọ́ àárín àwọn ọmọ lórí bẹ́ǹṣì.

"Tíṣà wa," ó ní, "fún wa ní òmíràn."