Ọ̀já Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbé Wá

Òórùn ẹ̀ẹ́rù ló gba gbogbo ilé wa lọ́jọ́ náà, láti kíṣìnì dé orí àtẹ̀gùn, títí dé abẹ́ aṣọ tí mo fi bora. Bí o bá ti ṣe ìyá ìkókó rí láàárín Yorùbá, ìwọ náà á mọ òórùn yẹn: ọbẹ̀ ata tó ń ta lẹ́nu, tí wọ́n gún ẹ̀ẹ́rù sí, kí inú ìyá ọmọ lè mọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá gba iwájú ilé wa ní Dagenham, nílùú òyìnbó níbí, kọjá lọ sí Parsloes Park lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn á ti sọ ọ́ lọ́kàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ níbẹ̀. Kò sì sí ìkókó kankan nínú ilé wa. Èmi nìkan ni mo dùbúlẹ̀ lókè, pẹ̀lú ọgbẹ́ lábẹ́ ìdodo, àti ọ̀rọ̀ kan tí ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń se ọbẹ̀ náà nísàlẹ̀, kò tíì gbọ́.

Ìju, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní fibroid, ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń dàgbà nínú mi, títí ikùn mi fi yọ bí ti aboyún. Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn a dìde fún mi, èmi náà a sì jókòó láìjanpata, nítorí ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló le jù. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta bàtà nínú ilé ìtajà ńlá Vicarage Field, aṣọ dúdú nìkan ni mo ń wọ̀, mo sì máa ń di aṣọ mìíràn sínú báàgì bí ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò. Aṣọ funfun ni a ń wọ̀ ní ìjọ wa, obìnrin tó bá sì ń rí nǹkan oṣù kì í wọ inú ilé àdúrà. Tèmi kì í dá. Sùtánà mi wà lára ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi a sì jókòó sínú mọ́tò níta ṣọ́ọ̀ṣì, èmi a máa bá wọn kọrin láti ibẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè mi, ọkọ mi a ní ó ti rẹ̀ mí.

Ọjọ́ tí mo dákú sáàárín àwọn páálí bàtà ni ọ̀rọ̀ náà wá bọ́ sí gbangba. Dókítà obìnrin tó tọ́jú mi ní ilé ìwòsàn kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó kù lára mi kò tó nǹkan, pé ìju náà ti pọ̀ kọjá èyí tí wọ́n lè máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ilé ọmọ gan-an ni àwọn máa yọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ọmọbìnrin ni. Mo sunkún láti ibẹ̀ délé.

Ọkọ mi fi àkísà mọ́tò nu ojú mi, àkísà tó ní epo lára, n kò tiẹ̀ mọ ibi tó ti rí i. Ó ní, "Ṣé womb ni mo marry ni? Ìwọ ni mo fẹ́ o."

"Màmá ńkọ́?"

"Leave that to me. Màá sọ fún wọn kí wọ́n tó dé."

Ẹ̀rù Màmá, ìyá rẹ̀, ló ń bà mí ju ẹ̀rù ọ̀bẹ lọ. Ọkọ mi nìkan ni wọ́n bí, wọ́n sì fẹ́ ọmọ mìíràn lọ́wọ́ wa, wọn kì í fi bò. Nígbà tí obìnrin kan ládùúgbò wọn ní Ìjẹ̀bú yọ ilé ọmọ tirẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún mi lórí fóònù ni pé, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́." Àwọn yìí náà ló ń bọ̀ wá tọ́jú mi.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi oògùn kan tó dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì sí mi lára, kí ẹ̀jẹ̀ mi lè gbéra díẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn kan tó fún pinpin sí mi lẹ́sẹ̀, dókítà sì tún béèrè bóyá mo ṣì gbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo yíjú sí ọkọ mi, mo ní, "Ṣé o ti sọ fún Màmá?" Ó ní, "Mo ti bá wọn sọ ọ́ now. Focus on yourself." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ́kàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ìgbà tí mo padà délé, tí Màmá sì dé láti pápákọ̀ òfuurufú, ni mo mọ̀ pé irọ́ ni ọkọ mi pa fún mi. Wọn ò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù wọn tí wọ́n fi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ní, "Ìju ti jáde, ìyàwó mi. Àyè ti wá ṣí sílẹ̀ fún ọmọ." Ọkọ mi ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá fa ọ̀já kan yọ nínú báàgì wọn, aláró tó ti ṣá, tó rọ̀ nítorí fífọ̀. Òun ni wọ́n fi pọn ọkọ mi. "Mo gbé e wá de èyí tó ń bọ̀," wọ́n ní.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ mi bá ń gún mi ní abẹ́rẹ́ tí ilé ìwòsàn kó fún wa, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí mi lẹ́sẹ̀, ni mo ń bi í ní ohùn ìsàlẹ̀ pé ìgbà wo ló fẹ́ sọ ọ́. "Ọ̀la," ni yóò wí. Ó ń wa bọ́ọ̀sì kiri gbogbo Barking láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni, àmọ́ ojora ìyá rẹ̀ ń mú un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ òórùn ẹ̀ẹ́rù yẹn, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, ọmọ wa wà ní ilé ìwé. Màmá gòkè wá pẹ̀lú báàsíìnì omi tó ń ru èéfín, táwẹ́ẹ̀lì léjìká, ọ̀já yẹn ní ìbàdí. Mo ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe mí nígbà tí mo bí ọmọ mi: omi gbígbóná, kí wọ́n tẹ ikùn gidigidi, kí wọ́n sì fi ọ̀já dì í.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

"Dókítà òyìnbó mọ èyí? Ilé ọmọ gbọ́dọ̀ padà sí ààyè rẹ̀. Ṣí aṣọ."

Wọ́n fún táwẹ́ẹ̀lì náà, omi gbígbóná ta sí mi lápá. Ọwọ́ wọn ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sí orí ọgbẹ́ mi. Mo di ọwọ́ wọn mú. N kò di ọwọ́ àgbà mú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́, Màmá. Wọ́n ti yọ ọ́."

"Kí ni wọ́n yọ?"

"Ilé ọmọ. Gbogbo rẹ̀."

Táwẹ́ẹ̀lì náà ń ro omi sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ta ló ní kí wọ́n yọ ọ́?"

"Èmi ni."

Wọ́n gbé báàsíìnì, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe da omi nù, mo sì gbọ́ tí ilẹ̀kùn àbájáde ṣí. Màmá kò mọ ọ̀nà kankan ní Dagenham, òtútù sì wà níta, bùbá àti ìró lásán ni wọ́n wọ̀. Mo dìde, mo di ògiri mú, mo ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì lórí àtẹ̀gùn, gbogbo inú mi ń fà bí ẹni pé òwú rẹ̀ fẹ́ já. Mo ń rò ó pé bí ọgbẹ́ yìí bá ṣí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ igbe mi.

Wọ́n wà lórí ògiri kúkúrú iwájú ilé, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Mo la ẹnu láti pè wọ́n, atẹ́gùn tútù wọ̀ mí lọ́fun, ikọ́ gbé mi. Ìwọ tó o bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn rí, o mọ ohun tí ikọ́ ń ṣe. Mo kákò síbi ilẹ̀kùn, mo pariwo.

Màmá sáré. N kò mọ̀ pé wọ́n ṣì lè sáré. Wọ́n tú ọ̀já ìbàdí wọn, wọ́n ká a ní ìká-n-ká títí ó fi nípọn bí ìrọ̀rí, wọ́n sì gbé e mọ́ mi níkùn pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì lórí rẹ̀.

"Di í mọ́ra. Ó yá, wúkọ́."

Mo wúkọ́. Ó dùn mí, àmọ́ kò fà mí ya mọ́. Wọ́n mú mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n jókòó tì mí, ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀: ẹ̀jẹ̀, aṣọ dúdú, orin tí mo ń gbọ́ láti inú mọ́tò, páálí bàtà tí mo dákú sí, àti irọ́ tí ọkọ mi pa. Wọ́n ń wo iwájú.

"Ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́ báyìí?"

"Ó ti dá, Màmá."

"Ó dá pátápátá?"

"Pátápátá."

Wọ́n fi etí ìró nu ojú. "O ì bá ti kú," wọ́n ní. "O ì bá ti kú síbi tí mo ti ń gbàdúrà ọmọ."

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó bá abọ́ ọbẹ̀ méjì lórí tábìlì. Ó béèrè tirẹ̀. Màmá ní, "Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni mo sè é fún, mi ò sè é fún òpùrọ́." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọ tó fọ́ àwo. Ẹ̀rín pa mí, ọgbẹ́ fà mí, mo tún gbá ọ̀já mọ́ ikùn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọkọ mi kò fi tọ́ ọbẹ̀ náà wò.

Mo ti padà wọ sùtánà mi, mo ti wọ inú ilé àdúrà lọ, mo sì kọrin títí ohùn mi fi há. N kò ní í purọ́ fún ọ, mo ṣì ń ṣọ̀fọ̀ ilé ọmọ mi nígbà mìíràn, àgàgà bí mo bá rí aboyún tí wọ́n ń dìde fún nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò pé ọmọ tí n kò tíì bí ni Màmá ń wá kí nílé mi, pé èmi kàn jẹ́ ọ̀nà tó máa gbà dé ni. Wọn kò gbé ọ̀já náà padà sí Ìjẹ̀bú, wọn kò sì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Wọ́n fi pọn ọkọ mi nígbà tí kò tíì lè rìn. Nígbà tí èmi náà kò lè rìn, wọ́n tú u ní ìbàdí, wọ́n fi gbé mi ró.