Ọ̀rọ̀ Ilé Alápẹ̀rẹ̀ tí Èmi Nìkan Gbọ́

Lọ́jọ́ Sunday kan, Màmá wa ránṣẹ́ pe àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílé wọn ní Alápẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ ogún kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí kò gbé ju Màgódò lọ, ní kí wọ́n má fẹnu ara wọn pe ikú. Àbúrò mi obìnrin ní òun ní ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi nìkan ni mo lọ.

Màmá ti se ìrẹsì tó máa tó ẹni mẹ́rin. Wọ́n wojú ilẹ̀kùn títí, kí wọ́n tó ní, "Ó dáa, jókòó."

Àṣé Màmá nìkan kọ́ ló ra ilẹ̀ tí ilé náà wà. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan, tí wọ́n jọ ń ta àlùbọ́sà lọ́jà Mile 12, ni wọ́n jọ dáwó rà á. Ọ̀rẹ́ náà kú kí ilé tó parí, orúkọ Màmá nìkan ló sì wà lórí ìwé. Ọmọbìnrin kékeré kan ṣoṣo ló fi sáyé, tó ti ń ránṣọ ní Ikosi báyìí.

"Yàrá méjì iwájú yẹn, tiẹ̀ ni," Màmá wí. "Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́. Ojú ló ń tì mí."

"Ṣé òun fúnra ẹ̀ mọ̀, Màmá?"

"Kò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

Màmá kú kí ọdún tó yí po. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín.

"Ìwé dà? Ta ni ẹlẹ́rìí ẹ?"

Àbúrò mi ní mò ń parọ́ mọ́ òkú. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ṣáà mọ Màmá. Ṣé ẹni tó ń jẹ ohun olóhun ni wọ́n?"

Nígbà tí a fẹ́ pín ilé, mo ní kí wọ́n fún mi ní yàrá méjì iwájú. Kíá ni wọ́n gbà, torí ariwo títì pọ̀ níbẹ̀. Mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ bá aránṣọ náà ní Ikosi. Ó kọ́kọ́ rò pé ṣe ni mo fẹ́ ta yàrá náà fún òun. Nígbà tí mo rò ó fún un tán, ó jókòó, ó ń sunkún. Ìbéèrè kan péré ló bi mí:

"Báwo ni ìyá mi ṣe rí lọ́jà?"

Mi ò mọ̀. Màmá ni ì bá lè dáhùn.

Ayálégbé ni mí ní Ketu títí dòní. Àwọn tèmi gbọ́ ohun tí mo ṣe, wọ́n yọ mí kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp ìdílé wa. Èmi nìkan ni mo dá jẹun Kérésì tó kọjá. Mi ò kábàámọ̀, àmọ́ ilé máa ń dákẹ́ jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mò ń wò ó. Mo yọ fóònù. Kò sẹ́ni tí mo lè pè.